Olútóyìn wo ló kú?

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n wá, ọkùnrin mẹ́ta àti ìyá àgbà kan. Ìyá náà ò wọlé. Ó ní òórùn íǹkì ń ta sí òun nímú, ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá. Ìyá àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí ló kú ní Ìgèdè. Wọ́n fẹ́ pósítà igba àti ìwé ètò ìsìnkú ọ̀ọ́dúnrún.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Òkèṣà, ní Adó-Èkìtì, ó sì ti lé lógún ọdún. Mo ń tẹ ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìkómọ, kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ìwé òkú ló ń bọ́ mi jù. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, orúkọ ènìyàn ni yóò máa rí lójú oorun.

Àkọ́bí na bébà kan sí mi, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn, mo sì kà á sókè. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, torí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ pé àwọn ò rí i kà. Mo ka "Màmá Grace Olútóyìn" dé ìdajì ni ohùn kan bá wọlé láti ẹnu ọ̀nà:

"Olútóyìn wo ló kú?"

Àkọ́bí ní, "Ìyá wa ni, Màmá. Àwọn náà ni."

"Ìyá yín kẹ̀? Ọ̀ṣúntóyìn ni ìyá yín. Èmi àti ẹ̀ la jọ ṣe ọmọge. Ẹ wá lẹ Olútóyìn mọ́ ògiri káàkiri Ìgèdè, ta ni yóò mọ ẹni tó kú?"

Èkìtì tó jinlẹ̀ ló fi sọ ọ́ o, mo kàn gbé e sí Yorùbá ìwé ni. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ta ju báyìí lọ.

Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn. Àkọ́bí ní díákónì ni òun, pé àlùfáà ò ní dúró níwájú ìjọ kó máa pe Ọ̀ṣun. Èyí tó tẹ̀ lé e ní Ọ̀ṣúntóyìn ni orúkọ tí wọ́n fi mú ìyá àwọn relé ọkọ. Èyí àbíkẹ́yìn ò sọ nǹkan kan, fóònù ló ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ Ìgèdè á mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ní odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, kó tó ṣàn lọ di olókìkí ní Òṣogbo. Kí ọmọ Ìgèdè máa jẹ́ Ọ̀ṣúntóyìn, omi tí wọ́n ń pọn mu ló ń jẹ́ yẹn. Kò kúkú jẹ́ orúkọ omi ẹlòmíràn.

Wọ́n ṣe é ṣe é, wọ́n gbà láàrin ara wọn pé kí n kọ "Màmá Grace O." Àkọ́bí ní O. yẹn gba Olú, ó gba Ọ̀ṣun, kóńkó jabele. Ìyá àgbà ní, "O kí?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi náà ò sọ nǹkan kan, owó tí mo fẹ́ gbà ò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kàn fẹ fọ́tò ìyá náà tóbi ju bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é lọ, kí ará Ìgèdè lè rí ojú mọ̀, nígbà tí wọn ò lè rí orúkọ mọ̀.

Mo ti tẹ O. yẹn àìmọye ìgbà. Ògún wà lábẹ́ rẹ̀, Ọ̀ṣun wà lábẹ́ rẹ̀, Òòṣà wà níbẹ̀. F. ni ti àwọn onífá. E. ni ti àwọn tí Èṣù wà ní iwájú orúkọ bàbá ńlá wọn, ìyẹn ò tilẹ̀ ṣe é gbé jáde lójú ọ̀sán mọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ní Adó yìí kan náà, béèyàn bá dúró ní Fájuyì, ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Francis Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, gómìnà ológun ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n pa pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966. Francis jẹ́ ti ìjọ, Adékúnlé jẹ́ ti adé, Fájuyì jẹ́ ti Ifá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn gbé láìjà. Ọmọ Ìsàn-Èkìtì tó ṣe gómìnà wa lẹ́ẹ̀mejì, John Olúkáyọ̀dé Fáyẹmí, bákan náà ló rí: John níwájú, Olú láàrin, Ifá lẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni ní kó máa kọ F.

Uyì tó wà ní ìdí Fájuyì yẹn náà lọ́rọ̀ nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ò wá láti apá ibí, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Yorùbá ìwé kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwa ń fi í bẹ̀rẹ̀ ní tiwa. Ilé, ulé ni. Iṣu, uṣu ni. Iyì, uyì ni, òun ni a fi ń kígbe "Èkìtì kete, ulé uyì, ulé ẹ̀yẹ." Ẹ wá wo ohun tí u yìí ń ṣe nínú orúkọ. Bí "ní" bá pàdé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, ó máa ń dúró bó ṣe wà: ní ilé, nílé. Bó bá pàdé fáwẹ̀lì mìíràn, ó di l: ní owó, lówó. Nítorí náà, adé ní iyì, Adéníyì. Adé ní uyì, Adélúyì. Orúkọ kan náà ni, ọ̀nà ọ̀fun ló yàtọ̀. Ifá ní uyì, Fálúyì. Ògún ní uyì, Ògúnlúyì. Bí mo bá ti rí -lúyì lára orúkọ, mo ti mọ apá ibi tí onítọ̀hún kọjú sí kó tó la ẹnu: Èkìtì ni, tàbí Ìjẹ̀ṣà, tàbí àwọn aládùúgbò wa kan. Oníbàárà mi kan tó ń jẹ́ Adélúyì sọ pé ẹnì kan ní Èkó bá òun ṣàtúnṣe, pé Adéníyì ló yẹ kó jẹ́, pé ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ò mọ̀wé ni. Inú bí mi débi pé mi ò gba owó fọ́tókọ́pì lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Microsoft Word kò sàn ju ará Èkó yẹn lọ. Mo bá tẹ orúkọ ọgbọ̀n ọmọ-ọmọ òkú sílẹ̀, yóò fa ìlà pupa wúruwùru sábẹ́ gbogbo wọn, àfi Comfort àti Sunday. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ọdún tó kọ́kọ́ dé, ó rò pé àṣìṣe ni ìlà yẹn, ó fi gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣe "àtúnṣe". Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé mo yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dórí ẹ̀rọ.

Àmì ohùn ńkọ́? Ìyẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí kò sẹ́ni tó ń fi í sórúkọ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, ó fẹ́ gbéyàwó, ó ní kí n bá òun tẹ ìkéde tí yóò gbé lọ sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pé òun ti pa orúkọ ìdílé dà. Wọ́n ń jẹ́ Abógundé. Ó ní wòlíì kan sọ pé Ògún inú orúkọ yẹn ló ń dá òun dúró. Mo bi í pé kó pè é fún mi bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ó pè é. Ogun ni mo gbọ́, ogun tí wọ́n ń jà. Mo ní, "Àbúrò, ẹ̀yin tí ẹ bá ogun dé nìyí o. Ògún Onírè tó wà ní Ìrè ò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa yín." Ó lọ bi ìyá bàbá rẹ̀ léèrè, ó padà wá sọ fún mi pé lóòótọ́, ìgbà tí àwọn jagunjagun ń bọ̀ láti ogun Kírìjì, lẹ́yìn ọdún 1886, ni wọ́n bí baba ńlá àwọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́, pé àwọn ìjọ ti gbàdúrà sí i tán. Ó ń jẹ́ Abólúdé báyìí.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo orúkọ tó ń lọ ló ń dùn mí. Nínú ìwé ètò ìsìnkú ìyá Ìgèdè yẹn, wọ́n to àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀kẹrin ń jẹ́ Dúrójayé. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi, mo ti mọ̀ pé àwọn kan ti wá tí wọn ò dúró. Irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ (kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sìn ọ́ mọ́), Àkísàtán (àkísà tí à bá fi dì ọ́ ti tán). Ẹ wo ìyá tó ń fi irú ẹ̀ pe ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́. Ó pẹ́ tí mo ti bá ẹni tó sọ ọmọ jòjòló ní Kòsọ́kọ́ tẹ ìwé ìkómọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dé. Àwọn oníṣègùn sì ti ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní àbíkú, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí bàbá àti ìyá tó jẹ́ AS ń bí mọ́ ọmọ ló ń pa wọ́n. Àwọn tó ń tẹ ìwé ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi báyìí, ìjọ ti ní kí wọ́n mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá kí wọ́n tó dá ọjọ́ fún wọn. Kí Kòsọ́kọ́ máa lọ ire.

Èyí tó ń dùn mí ni pé a ò wo ilé mọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, gbogbo wa ló ń pa á lówe, fóònù la sì ń wò. Ẹ wo ìwé ìyá Ìgèdè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ: Sunday, Comfort, Bọ́dúnrìn, Dúrójayé. Sunday yẹn gan-an, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bí i ni. Bọ́dúnrìn bá ọdún rìn wá. Mo lè fi orúkọ mẹ́rin yìí sọ ìtàn ilé náà fún yín láìdé ibẹ̀. Ó kan àwọn ọmọ-ọmọ: Káyọ̀dé, Fúnmiláyọ̀, Bùkọ́lá, Bíọ́dún. Ó ṣì dáa, ayọ̀ kan wọlé, ẹnì kan bu kún ọlá. Ó wá kan àwọn ọmọ wọn tó kéré: Ìníolúwa, Oreolúwa, Ìfẹ́olúwa, Ìrètíolúwa, Tiolúwalàṣẹ, Àńjọláolúwa, Mofìyìnfólúwa. Àdúrà tó dára ni gbogbo wọn, mo ń ṣe àmín sí i bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ nílé lọ́dún tí wọ́n bí wọn? Ta ló kú? Ta ló bọ̀ láti ìrìn àjò? Bí wọ́n bá kó ọmọ méjèèje yìí dà sí àárín ọjà, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi orúkọ wọn mọ ilé tí yóò kó wọn padà sí.

Ilésanmí ni orúkọ tèmi. Ẹgbàágbèje ló ń jẹ́ ẹ ní Èkìtì, àwọn ènìyàn sì rò pé àdúrà ni. Èsì ọ̀rọ̀ ni. Bàbá mi lọ ṣe oko kòkó ní apá Oǹdó bí ọ̀pọ̀ ará wa ayé ìgbà yẹn, ó lo ọdún mẹ́jọ lábà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ránṣẹ́ pè é ṣáá pé kó máa bọ̀, òun náà ń ránṣẹ́ padà pé ilé ò sunwọ̀n, kí ni òun fẹ́ wá jẹ nílé. Nígbà tó yá, ó dé. Láàrin ọdún méjì ó kọ́ ulé, ó ra kẹ̀kẹ́, wọ́n sì bí mi. Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju owó sínú omi, ó ní "Ilésanmí." Gbogbo ilé pa ẹ̀rín, torí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà bá wí. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ń pè mí dọjọ́ ikú rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá pè mí, ó ń gbà pé ẹ̀gbọ́n òun ló jàre.

(Níbì kan tí mo lọ gba káàdì, wọ́n tẹ̀ mí ní Lesanmi. Èmi tí mò ń tẹ orúkọ jẹun! Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣe áfídéfítì ní kóòtù, kí I kan ṣoṣo tó padà.)

Mo wá dé orí ọmọ mi obìnrin. Ọ̀yẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ tí dókítà dá fún un, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rún un níbi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ gbé e sínú Corolla wọn, ó kọrí sí Adó. Wọ́n kọjá Ìfàkì. Wọn ò tíì dé Ìwòrokò tí ọmọ ní òun ò dúró mọ́. Ọkọ rẹ̀ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń sáré yí ọkọ̀ ká bí adìyẹ tí wọ́n bẹ́ lórí. Obìnrin kan tó ń sun iṣu tà níwájú ló rí i, ó fi iṣu sílẹ̀ lórí iná, ó tú ìró àwọ̀lékè rẹ̀, ó sì gba ọmọ náà sínú rẹ̀. Obìnrin ni ọmọ. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù ní Adó, nǹkan tí àwọn nọ́ọ̀sì rí nínú ìró náà ni ọmọ àti ègé iṣu kan tó jóná ní ẹ̀gbẹ́. Ìyá náà ló fi há ọkọ ọmọ mi lọ́wọ́, pé ẹni tó bímọ gbọ́dọ̀ jẹun.

Ẹ ẹ̀ rí i pé ọmọ yìí ti mú orúkọ rẹ̀ dání. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń kó ọkùnrin jáde lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin lọ́jọ́ keje, ìbejì lọ́jọ́ kẹjọ, kí irú ọjọ́ náà tó pé ni gbogbo àdúgbò á ti máa pè é ní Abíọ́nà. Mo pe ọmọ mi, mo sọ fún un.

Ó ní, "Dádì, Abíọ́nà kẹ̀? Bí orúkọ awakọ̀."

Mo ní, "Inú ọkọ̀ kọ́ lo bí i sí ni?"

Ó ní òun àti ọkọ òun ti yan orúkọ, àwọn ti ń yàn án láti oṣù kẹta oyún. Ó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí n bá wọn tẹ ìwé ètò ìkómọ. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn òbí ọkọ. Mofìyìnfólúwa ló ṣíwájú. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Kò sí Ìfàkì níbẹ̀, kò sí títì, kò sí iṣu.

Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mo fi òdòdó yí i ká, mo fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ mọ́kànlá, mo tẹ méjìlá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ilé kún. Pásítọ̀ mú ìwé, ó ń kà á, àwa ń tún un pè lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀, ó sún ìwé mọ́ ojú, ó ní, "Orúkọ kejìlá: Abíọ́nà." Ọmọ mi yí ojú sí mi bíi pé kó jù mí ní àwo oyin tó wà lórí tábìlì. Kí àwọn èèyàn tó dáhùn, ẹnì kan ti hó yèè láti ẹ̀yìn, nítòsí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìyá oníṣu ni. Ọkọ ọmọ mi ló lọ pè é wá, ó sì ti jókòó láti àárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó jẹ́. Ó jó títí ó fi dé ibi abọ́ omi, ó tú etí ìró, ó ju igba náírà sí i, ó ní, "Abíọ́nà, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó wá bá mi ní ibi tí mo jókòó sí. Ó na ìwé ètò náà sí mi, ó ní òun ò mọ̀wé, kí n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí han òun. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ó wò ó pẹ́, ó ká ìwé náà kékeré kí ìlà yẹn lè wà níta, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.